Pátíkù tó ń túká lọ́nà tó ṣọ̀wọ́n: kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀ gan-an?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ìròyìn kan ń tàn kálẹ̀ lórí WhatsApp nílùú Èkó. Ohun tí wọ́n kọ ni pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì tó wà nítòsí ìlú Geneva, ti rí àmì ipá tuntun kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí láyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń kọ́ ní físíìsì ní Bàrígà fi ránṣẹ́ sí mi, inú wọn ń dùn. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn onímọ̀ kan náà ló tún jáde wá sọ pé àmì náà ti pòórá. Látìgbà náà, ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ ni pé: ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún wa tẹ́lẹ̀ ni?

Irọ́ kọ́. Ó sì dùn mí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí létí ọ̀pọ̀ èèyàn, torí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ wà lára iṣẹ́ tó gba sùúrù jù lọ tí ọmọ aráyé ń ṣe. Wọ́n ń ṣọ́ àwọn pátíkù, ìyẹn àwọn nǹkan tó kéré ju átọ̀mù lọ, títí wọ́n á fi túká, kì í sì í ṣe ìtúká tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo ló jẹ wọ́n lógún. Èyí tó lè má ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú bílíọ̀nù kan ni wọ́n dojú kọ. Ìdí tí wọ́n fi yan ọ̀nà tó le bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ká bẹ̀rẹ̀ látara ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Ẹ ṣí àtẹ́lẹwọ́ yín sókè. Ì báà jẹ́ inú dánfó lẹ wà, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá yín dúró lórí Third Mainland Bridge, ì báà jẹ́ yàrá yín ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nǹkan bíi pátíkù kan tó ń jẹ́ muon ń gba àárín àtẹ́lẹwọ́ yẹn kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Òkè ló ti ń bọ̀. Àwọn pátíkù alágbára láti ojú sánmà lọ́hùn-ún máa ń kọlu afẹ́fẹ́ ayé wa ní nǹkan bíi kìlómítà 15 sókè, ìkọlù náà ló sì ń yọrí sí muon. Muon jọ electron, àfi pé ó wúwo jù ú lọ ní nǹkan bí ìgbà 207, kì í sì í pẹ́ láyé. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín 2.2 péré ni muon máa ń lò ní ìpíndọ́gba kó tó túká. Láàárín àkókò yẹn, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ò lè rìn ju nǹkan bíi mítà 660 lọ. Ohun tó jẹ́ kí muon lè ti ibi gíga bẹ́ẹ̀ dé Èkó ni ohun tí Einstein sọ ní ọdún 1905, pé aago ohun tó ń sáré débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìmọ́lẹ̀ dọ́gba máa ń falẹ̀ lójú àwa tá a dúró sójú kan. Mo máa ń rán àwọn ọmọ létí pé kò dìgbà tí wọ́n bá wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Geneva kí ẹ̀rí èyí tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ń gba ara wọn kọjá bí wọ́n ṣe jókòó sí kíláàsì.

Nígbà tí muon bá túká, electron kan àti neutrino méjì ló máa ń jáde. Neutrino jẹ́ pátíkù tó fúyẹ́ gan-an, tó máa ń la nǹkan kọjá láìfi àmì sílẹ̀. Ibí yìí ló máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Wọ́n á rò pé electron àti neutrino yẹn ti wà nínú muon tẹ́lẹ̀, pé ṣe ló kàn fọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ìwádìí tí wọ́n ti ṣe, kò sí èyí tó fi hàn pé muon ní ohunkóhun nínú. Ìwúwo rẹ̀ ló di agbára, agbára náà ló sì di àwọn pátíkù mìíràn tó fúyẹ́ jù ú lọ. Muon kò sí mọ́, àwọn yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Pátíkù kan sì lè ní ọ̀nà púpọ̀ tó lè gbà túká. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ń jẹ́ kaon, irú èyí tó ní iná pọ́sítíìfù lára. Nínú 100 irú kaon bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 64 máa ń di muon àti neutrino. Nǹkan bí 21 máa ń di pion méjì, pátíkù mìíràn tó fúyẹ́ ju kaon lọ. Àwọn tó kù pín ara wọn sí àwọn ọ̀nà mìíràn, títí a ó fi dé ọ̀nà tó jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù kaon, ẹyọ kan ló máa gbà á. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ̀nà tí kaon kan pàtó máa tọ̀. Àmọ́ bí kaon bá ti pọ̀, ìpín ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kì í yẹ̀, àwọn onímọ̀ sì lè jókòó ti bébà kí wọ́n ṣírò ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpín yẹn kí ẹnikẹ́ni tó lọ wọ̀n wọ́n.

Òfin tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Standard Model. Inú rẹ̀ ni oríṣi quark mẹ́fà wà, àwọn tó ń para pọ̀ di proton, kaon àti pion, àti electron pẹ̀lú muon àti tau, àti neutrino mẹ́ta, àti àwọn pátíkù tó ń gbé ipá, àti pátíkù Higgs tí wọ́n kéde pé wọ́n rí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2012. Ó péye débi tó ń yani lẹ́nu. Síbẹ̀, àwọn ìbéèrè ńlá wà tí kò ní ìdáhùn sí. Kò sọ nǹkan kan nípa gravity, ipá tó ń fa nǹkan wálẹ̀. Kò mọ dark matter, ohun tí ojú ò lè rí àmọ́ tó fi nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún pọ̀ ju gbogbo ohun tí a fi átọ̀mù ṣe lọ nínú àgbáálá ayé. Kò sì lè sọ ìdí tí matter fi kún gbogbo ibi tí a bá yíjú sí, tí antimatter, òdìkejì rẹ̀, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ohun kan ṣì kù tí kò sí nínú òfin náà. Ìyẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní físíìsì tuntun.

Ọ̀nà kan tí wọ́n lè gbà wá a ni pé kí wọ́n kó agbára ńlá jọ sójú kan, kí pátíkù tuntun náà lè jáde ní tààràtà. Bí wọ́n ṣe rí Higgs nìyẹn, nínú ẹ̀rọ LHC tí ihò rẹ̀ gùn tó kìlómítà 27 yíká lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí Switzerland ti bá ilẹ̀ Faransé pààlà. Àmọ́ bí pátíkù náà bá wúwo ju ohun tí agbára ẹ̀rọ náà ká lọ, wọ́n á máa kọlu proton mọ́ ara wọn títí ni, kò ní jáde. Ọ̀nà kejì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Òfin quantum, ìyẹn òfin tó ń darí àwọn nǹkan kéékèèké báyìí, gbà kí pátíkù tó wúwo gan-an dá sí ìtúká pátíkù tó fúyẹ́, fún àkókò tó kéré ju ohun téèyàn lè fọkàn rò lọ, kó sì ti lọ kí ohunkóhun tó rí i. A ò ní rí pátíkù náà fúnra rẹ̀. Ìpín tí a ti ṣírò sílẹ̀ ló máa yí pa dà: ó lè fò sókè, ó sì lè já wálẹ̀.

Kí wá nìdí tó fi jẹ́ pé ìtúká tó ṣọ̀wọ́n ni wọ́n ń ṣọ́? Ẹ wo ọjà Balógun nínú oṣù Kejìlá. Bí àjèjì kan bá gba àárín èrò yẹn kọjá, ta ló máa mọ̀? Àmọ́ ẹ mú àdúgbò kan ní Sùúrùlérè tí wọ́n ti ti géètì rẹ̀ láti alẹ́. Ní aago mẹ́ta òru, ìró ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ti tó kí ọlọ́dẹ dìde, kó tan tọ́ọ̀ṣì. Kaon tó ń di muon àti neutrino ni ọjà Balógun yẹn. Bí pátíkù tuntun bá dá sí i lẹ́ẹ̀kan nínú bílíọ̀nù, kò sí ẹ̀rọ tó máa fura. Àmọ́ àwọn ìtúká kan wà tí Standard Model fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pa. Ohun tí òun ń ṣe níbẹ̀ kéré débi pé ohunkóhun tó bá tìta wọlé á hàn.

Ọgbọ́n yìí ti ṣiṣẹ́ rí, ìtàn rẹ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù láti sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, quark mẹ́ta péré làwọn onímọ̀ ń bá lò: up, down àti strange. Bí wọ́n bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣírò iye ìgbà tó yẹ kí kaon tí kò ní iná lára di muon méjì, iye tó ń jáde ga gan-an. Wọ́n wá lọ wò ó nínú ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n retí ò sí níbẹ̀. Lónìí a mọ̀ pé nínú bílíọ̀nù kan irú kaon bẹ́ẹ̀ tó máa ń pẹ́ díẹ̀ láyé, nǹkan bíi méje péré ló ń ṣe é. Nǹkan kan ń dènà rẹ̀. Ní ọdún 1970, Sheldon Glashow, John Iliopoulos àti Luciano Maiani kọ ọ́ pé bí quark kẹrin bá wà, ipa tirẹ̀ nínú ìṣirò náà á máa pa èyí tó pọ̀ jù nínú ipa quark up rẹ́, ìtúká náà á sì ṣọ̀wọ́n bí wọ́n ṣe rí i. Charm ni orúkọ quark náà, kò sì sẹ́ni tó tíì rí i nígbà yẹn. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 1974, ikọ̀ Samuel Ting ní Brookhaven àti ikọ̀ Burton Richter ní Stanford, olúkúlùkù lọ́tọ̀, kéde pátíkù tuntun kan náà: charm ló wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1976.

Ẹ tún un rò wò. Wọ́n ti mọ̀ pé quark kan wà, wọ́n tiẹ̀ ti fojú bu bó ṣe wúwo tó, látara ohun tó kọ̀ láti ṣẹlẹ̀.

Kaon ló tún kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní ọdún 1964, James Cronin àti Val Fitch rí i pé nǹkan bíi kaon méjì nínú ẹgbẹ̀rún kan ń di pion méjì, ọ̀nà tí gbogbo èèyàn gbà pé a ti fi òfin dí pa fún irú kaon bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1973, àwọn ará Japan méjì, Makoto Kobayashi àti Toshihide Maskawa, fi ìṣirò hàn pé èyí lè wáyé bí quark bá tó mẹ́fà. Mẹ́fà! Nígbà tó jẹ́ pé kódà ẹkẹrin kò tíì fojú hàn. Bottom jáde ní 1977, top jáde ní 1995, méjèèjì ní Fermilab nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Kobayashi àti Maskawa gba Nobel ní ọdún 2008.

Lónìí, bottom yẹn gan-an ló wà lójú táyé. Ẹ̀rọ kan wà lára LHC tí wọ́n dìídì ṣe nítorí rẹ̀, LHCb lorúkọ rẹ̀. Ìdì proton méjì máa ń pàdé nínú LHC ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè tọ́jú gbogbo ìyẹn, nítorí náà ẹ̀rọ náà ní láti pinnu lójú ẹsẹ̀ èyí tó máa fi pa mọ́ àti èyí tó máa dà nù. Láàárín àwọn tí wọ́n fi pa mọ́ ni wọ́n ti ń wá pátíkù kan tí bottom wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bs, tí Standard Model sọ pé nǹkan bí 36 péré nínú bílíọ̀nù 10 ni yóò di muon méjì. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ti ń wá a kiri nínú ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Ọdún 2015 ni LHCb àti CMS pa èsì wọn pọ̀, tí wọ́n sì fi ìdánilójú kéde pé àwọn ti rí i. CMS tí mò ń wí yìí, ẹ̀rọ mìíràn lára LHC ni, kì í ṣe ibùdókọ̀ tó wà ní Marina. Nǹkan bí 28 nínú bílíọ̀nù 10 ni wọ́n rí nígbà yẹn, àlàfo àṣìṣe tó wà lára rẹ̀, ìyẹn bí ìwọ̀n náà ṣe lè yẹ̀ tó, sì fẹ̀ débi pé ó bá 36 mu. Àwọn ìwọ̀n tó péye jù ú lọ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà bá a mu pẹ̀lú.

Àwọn kan ní ìyẹn já àwọn kulẹ̀, torí pé kò sí físíìsì tuntun níbẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Oríṣiríṣi àbá ló wà nílẹ̀ nígbà yẹn, pàápàá àwọn tí wọ́n ń pè ní supersymmetry, tó ní iye náà lè fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti Standard Model lọ. Èsì kan ṣoṣo yẹn ló gbá ọ̀pọ̀ nínú wọn dànù. Ẹni tó ń wá ohun tó sọnù nínú ilé ńlá mọ iyì yàrá tó ti tú tán.

Ó wá kan ìròyìn ọdún 2021. LHCb náà ló ti wá. Pátíkù B, tí bottom wà nínú òun náà, lè di kaon pẹ̀lú muon méjì, ó sì lè di kaon pẹ̀lú electron méjì. Nínú mílíọ̀nù kan, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ò tó ẹyọ kan. Standard Model kì í ṣojúsàájú láàárín muon àti electron, ìwúwo nìkan ló fi yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà ó yẹ kí ọ̀nà méjèèjì dọ́gba. Ohun tí wọ́n wọ̀n ni pé fún 100 tó gba ọ̀nà electron, nǹkan bí 85 ló gba ọ̀nà muon. Bí ó bá dúró bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ohun kan tí kò sí nínú Standard Model ń bá muon ṣe ju electron lọ.

Wọ́n fi ìdánilójú wọn sí 3.1 sigma. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé ká ní kò sí ohun tuntun kankan níbẹ̀, àkọsẹ̀bá lásán lè gbé irú èsì bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan nínú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Lójú ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́, ìyẹn ti tó. Àwọn onímọ̀ físíìsì kì í pe nǹkan ní ìwárí àfi tó bá dé 5 sigma, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìdí tí òté náà fi ga bẹ́ẹ̀ ni pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún nǹkan ni wọ́n ń wọ̀n lọ́dọọdún. Bí èèyàn bá wọ̀n ẹgbẹ̀rún nǹkan, ọ̀kan nínú wọn máa ṣe bí ẹni pé ó jẹ́ ìyanu láìní ìdí kankan. Nínú ìwé tí LHCb kọ, ẹ̀rí ni wọ́n pè é, wọn ò pè é ní ìwárí. Àwọn tó kọ àkọlé ìròyìn ló fò ó.

Electron ló wà nídìí ọ̀ràn náà. Muon máa ń la inú ẹ̀rọ já geerege, kò ṣòro dá mọ̀. Electron ní tirẹ̀ fúyẹ́, bó bá ṣe ń gba inú irin ẹ̀rọ kọjá ló ń tú ìmọ́lẹ̀ dànù, agbára rẹ̀ á máa dín kù, ipa ọ̀nà rẹ̀ á sì ṣòro tò pọ̀. Pion lè fara wé e. Nígbà tí ikọ̀ náà tún gbogbo àkọsílẹ̀ wọn gbé yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé díẹ̀ lára ohun tí wọ́n ti kà sí electron kì í ṣe electron rárá. Wọ́n yọ wọ́n kúrò, 85 di nǹkan bí 95, àlàfo àṣìṣe tó tó nǹkan bíi 5 sì wà lára rẹ̀. Ó ti bá 100 mu nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn. Àwọn fúnra wọn ló ṣàwárí àṣìṣe náà, àwọn ló sì kéde rẹ̀ fáyé gbọ́, bẹ́ẹ̀ ìròyìn tó ń mú orúkọ wọn gbayì ni wọ́n fọwọ́ ara wọn pa yẹn. Mo bu ọlá fún wọn fún un. Ibi tí nǹkan ti ṣọ̀wọ́n, àṣìṣe kékeré náà máa ń ní ìró ẹsẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sá fún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ hàn dáadáa nínú iṣẹ́ ikọ̀ NA62, tó wà ní CERN bákan náà. Kaon tó ní iná pọ́sítíìfù lára ni wọ́n ń ṣọ́, ìtúká tí wọ́n sì ń wá ni èyí tó ń di pion kan pẹ̀lú neutrino méjì. Standard Model ní nǹkan bíi 8 nínú bílíọ̀nù 100 ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé neutrino kì í fi àmì kankan sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ wọn. Nítorí náà, gbogbo ohun tí wọ́n lè rí ni pé kaon kan wọlé, pion kan jáde, ohunkóhun mìíràn ò sí. Báwo lẹ ṣe máa fi dá ara yín lójú pé lóòótọ́ ni ohunkóhun mìíràn ò sí? Ẹ rántí pé 64 nínú 100 ló ń di muon àti neutrino: bí ẹ̀rọ bá ṣi muon kan mú fún pion, ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Ẹ rántí pé 21 ń di pion méjì: bí ìkejì bá di ìmọ́lẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ náà sì yọ́ jáde láìsí ẹni tó rí i, ó ti bà jẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù gígùn tí kaon ń gbà kọjá kó má bàa fara gbá nǹkan kan. Wọ́n wọ̀n bí kaon kọ̀ọ̀kan ṣe ń sáré tó kó tó wọlé, wọ́n tún wọ̀n pion lẹ́yìn tó jáde. Wọ́n sì to ẹ̀rọ tó ń mú ìmọ́lẹ̀ yí gbogbo ibẹ̀ ká. Nǹkan bíi bílíọ̀nù kan pátíkù ló ń wọ ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kaon ò sì ju nǹkan bíi 6 nínú 100 lọ láàárín wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n kéde pé àwọn ti kọjá 5 sigma: nǹkan bíi 13 nínú bílíọ̀nù 100. Ó ga ju 8 lọ díẹ̀, àmọ́ àlàfo àṣìṣe tó wà lára rẹ̀ ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé ó tako Standard Model. Wọ́n ṣì ń kó àkọsílẹ̀ jọ.

Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ẹyọ kan péré ti tó. Ẹ rántí muon tó ń gba àtẹ́lẹwọ́ yín kọjá, tó ń di electron àti neutrino méjì. Ṣé ó lè di electron àti ìmọ́lẹ̀ nìkan, láìsí neutrino? Bí a bá fi ohun tí a mọ̀ báyìí nípa neutrino kún Standard Model, ìpín tó máa jáde ní òdo tó lé ní 50 lẹ́yìn àmì ìdá kó tó kan nọ́ńbà gidi. Lédè mìíràn, kò sẹ́ni tó máa rí i láéláé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá rí ẹyọ kan tó dájú, físíìsì tuntun ti dé nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Ikọ̀ MEG ń wá a ní Paul Scherrer Institute ní Switzerland. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2025 fi hàn pé bó bá tiẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, kò lè ju ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú tírílíọ̀nù 10. Wọn ò tíì rí i.

Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, tó ń ta léèsì ní Balógun, wá mú ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì bá wa lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ dé ìparí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o. Gbogbo owó yìí, gbogbo ọdún yìí, wọn ò wá rí nǹkan kan. Ṣé kì í ṣe pé ó ti bọ́ sómi nìyẹn?"

Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí wọ́n dá ẹni tó bá béèrè rẹ̀ lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn kan máa ń yára tọ́ka sí i pé CERN ni Tim Berners-Lee wà ní ọdún 1989 tó fi dábàá World Wide Web. Òótọ́ ni, àmọ́ mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa fi dáhùn, torí kì í ṣe nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣọ́ pátíkù. Ohun tí mo sọ fún un ni ìtàn omi kan ní Japan.

Mo ní, "Mọ́mì, àwọn kan wà tó fẹ́ mọ̀ bóyá proton máa ń kú." Proton wà láàárín gbogbo átọ̀mù, títí kan ti léèsì tí wọ́n ń tà. Standard Model ò retí kó túká, àmọ́ àwọn àbá kan tó fẹ́ so àwọn ipá inú Standard Model pọ̀ di ọ̀kan ní ó máa túká lẹ́yìn àkókò tó gùn ju ọjọ́ orí àgbáálá ayé lọ fíìfíì. Àgbáálá ayé jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 13.8. Báwo lèèyàn ṣe máa dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ? Kò ní dúró. Ṣe ló máa kó proton jọ. Bó bá kó iye tó pọ̀ tó jọ, tó sì ń ṣọ́ gbogbo wọn pọ̀, ó yẹ kí díẹ̀ nínú wọn túká lójú rẹ̀ láàárín ọdún kan, bí àbá náà bá tọ̀nà. Omi ni proton rẹ̀ pọ̀ tí kò sì wọ́n. Ní ọdún 1983 wọ́n gbé táńkì omi tó gba nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3,000 sínú ihò ìwakùsà ní Kamioka, wọ́n pè é ní Kamiokande, wọ́n sì to ẹ̀rọ tó ń rí ìmọ́lẹ̀ tó rẹlẹ̀ gan-an yí ògiri rẹ̀ ká. Proton kankan ò túká.

Àmọ́ ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1987, ìràwọ̀ kan tó ti bú gbàù lọ́nà jíjìn rán neutrino wá sáyé, táńkì omi yẹn sì mú díẹ̀ nínú wọn. Masatoshi Koshiba gba Nobel lórí rẹ̀ ní 2002. Èyí tó tẹ̀ lé e, Super-Kamiokande, gba tọ́ọ̀nù omi 50,000, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1996. Ní 1998, òun ló fi hàn pé neutrino máa ń yí oríṣi pa dà lójú ọ̀nà, èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ bí kò bá ní ìwúwo rárá. Takaaki Kajita gba Nobel lórí ìyẹn ní 2015, òun àti Arthur McDonald ará Kánádà. Ìyẹn náà ni ohun tó dájú jù lọ tí Standard Model àtijọ́ kò ní nínú, inú omi tí wọ́n kó jọ láti fi wá ohun mìíràn ni wọ́n sì ti rí i. Títí di òní, proton kankan ò tíì túká lójú wọn. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń ṣọ́ jù ti fi hàn pé bí proton bá máa gba ibẹ̀ kú, ọjọ́ orí rẹ̀ ní ìpíndọ́gba gbọ́dọ̀ ju ọdún tí a fi 24 bẹ̀rẹ̀ tí a sì kọ òdo 33 tẹ̀ lé lọ.

Ìyá náà ní, "Háà, a jẹ́ pé wọ́n rí nǹkan nígbà tí wọn ò wá a." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ohun kan ṣì wà nílẹ̀ tí kò tíì yanjú, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ìròyìn mìíràn tó dé bá yín. Láti ọdún 2013 ni LHCb ti ń rí i pé nígbà tí pátíkù B kan bá di irú kaon kan tó wúwo díẹ̀ pẹ̀lú muon méjì, igun tí àwọn pátíkù náà fi ń fò jáde kò bá ìṣirò mu pátápátá. Àkọsílẹ̀ ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà, ìyàtọ̀ náà ò sì lọ. CMS náà wò ó, ohun tó rí jọ ọ́. Kò kan electron, nítorí náà àtúnṣe ọdún 2022 ò mú un kúrò. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé físíìsì tuntun ni, ìjà kan wà láàárín àwọn tó ń ṣírò rẹ̀. Quark charm máa ń dá sí ìtúká yìí fún ìgbà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin Standard Model fúnra rẹ̀, ó sì ṣòro gan-an láti ṣírò bí ipa rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, torí ipá tó so àwọn quark pọ̀ le jù fún ìṣirò tó rọrùn. Àwọn kan ní bí wọ́n bá fi kún ipa charm díẹ̀, ìyàtọ̀ náà á parẹ́. Àwọn mìíràn ní iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi kún un pọ̀ ju ohun tó bọ́gbọ́n mu lọ. LHCb ti ń yẹ ọ̀ràn náà wò nísinsìnyí láti inú àkọsílẹ̀ tiwọn, wọ́n ń gbìyànjú láti wọ̀n ipa charm dípò kí wọ́n fojú bù ú, ẹ̀rọ wọn tí wọ́n tún ṣe tó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2022 ń kó irú ìtúká bẹ́ẹ̀ jọ ní iye tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.